Ọ̀pá, Ríìlì, Okùn àti Ìwọ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Irinṣẹ́ Ìpẹja Olórúkọ

Ìbéèrè wọ̀nyí ló ń padà wá ṣáá, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ máa fi ìwọ̀ pẹja níbikíbi tí omi bá wà, tí wọn kò fẹ́ ná owó wọn dànù. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó takókó ló kẹ́yìn.

Ṣé irinṣẹ́ kan ṣoṣo lè gbà mí nínú odò, adágún àti etí òkun?

Ó lè gbà yín, tí ẹ bá ti mọ̀ pé kò ní jẹ́ aṣáájú níbì kankan. Ọ̀pá tó gùn tó mítà 2.4, tó lè ju ẹrù gíráàmù 10 sí 40, pẹ̀lú ríìlì (ẹ̀rọ tí okùn ń ká sí) tí nọ́ńbà títóbi rẹ̀ jẹ́ 3000 tàbí 4000, yóò ṣiṣẹ́ fún ìjẹ ààyè nísàlẹ̀ omi, fún ìléfòó, fún ìjẹ àtọwọ́dá, àti fún orí àpáta etí òkun nígbà tí ìgbì kò bá le.

Ẹja wẹẹrẹ tó ń fẹ́ okùn tín-ín-rín kò ní gbádùn irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, ẹja ńlá agbami tó lè fa okùn lọ tó mítà 200 láìdúró yóò sì fi wọ́ yín nílẹ̀. Ẹ má tíì ra nǹkan kan fún àwọn wọ̀nyẹn títí ẹ ó fi mọ irú ìpẹja tí ọkàn yín fà sí.

Kí ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ rà?

Ọ̀pá kan, ríìlì kan, okùn náílọ̀n tó lè gbé kílò 4 sí 6, ìwọ̀ oríṣi ìwọ̀n mẹ́ta, òjé, ìléfòó méjì, swivel díẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí okùn lọ́ pọ̀, àwọ̀n kékeré tó ní ọwọ́ tí ẹ ó fi gbé ẹja sókè, àti ẹ̀mú ẹlẹ́nu gígùn láti yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja. Àwọ̀n yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò dá, òun ló sì máa ń dùn wọ́n jù lọ́jọ́ tí ẹja gidi bá dé etí omi.

Nọ́ńbà ara ìwọ̀ máa ń da orí rú. Láti 1 lọ sókè, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i, nítorí náà 10 kéré ju 6 lọ. Tí ẹ bá wá rí 1/0, 2/0, 3/0, níbẹ̀ ni nọ́ńbà ti ń bá ìwọ̀ dàgbà. Ìwọ̀ 8, 4 àti 1/0 yóò gbé apẹja oríṣiríṣi jìnnà.

Owó mi kò pọ̀. Níbo ni kí n ná èyí tó pọ̀ jù sí?

Ríìlì ni. Lẹ́yìn rẹ̀, okùn àti ìwọ̀. Ọ̀pá ló ṣe ìkẹta. Mo mọ̀ pé ọ̀pá ni ojú máa ń kọ́kọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọjà, nítorí òun ló gùn, òun ló ń dán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà láàárín ọwọ́ yín àti ẹnu ẹja: ìwọ̀, kókó tí ẹ ta, okùn, àti búréèkì inú ríìlì, ìyẹn ohun tó ń di okùn mú, tó sì ń tú u díẹ̀díẹ̀ tí ẹja bá fà á. Tí ẹyọ kan bá kùnà nínú mẹ́rin yìí, ẹja ti lọ. Ọ̀pá tí kò dára tó ṣì lè mú ẹja dé etí omi. Ìwọ̀ tó nà gbọnrangandan kò lè mú un dé ibì kankan.

Inú mi kì í dùn rárá tí mo bá rí ẹni tó gbé ọ̀pá olówó gọbọi lọ́wọ́, tó sì fi okùn ọdún mẹ́ta sẹ́yìn sórí ríìlì. Okùn tuntun àti páálí ìwọ̀ kan tó mú ṣáṣá kò tó ìdá kékeré nínú owó tó fi ra ọ̀pá yẹn.

Ṣé ọjà olórúkọ dára ju aláìlórúkọ lọ lóòótọ́?

Nínú ohun tó ń yí, tó ń fà tàbí tó ń mú, ó dára jù lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí owó yẹn ń rà fún yín ni pé jíà bá ara wọn mu dáadáa, pé ẹyọ kan kò yàtọ̀ sí èkejì nínú páálí kan náà, pé ẹ lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà tó bá bàjẹ́, àti pé gàrántì wà. Nínú ohun tó kàn dúró lásán, bí àpótí, àpò, fìlà, ibi ìgbé-ọ̀pá-lé àti òjé, orúkọ kò fi nǹkan kan kún un.

Ẹ kíyè sí i pé ilé-iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe èyí tó wà ní owó pọ́ọ́kú àti èyí tó wọ́n bí ojú. Orúkọ ara wọn jọra, inú wọn kò jọra. Ríìlì olórúkọ tó rẹlẹ̀ jù lè máà sàn ju èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lọ. Ibi tí owó ti máa ń jẹ́ owó jù ni àárín: kì í ṣe ìsàlẹ̀ pátápátá, kì í sì í ṣe òkè téńté. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde nínú ríìlì olówó ńlá máa ń sọ̀kalẹ̀ dé àárín lẹ́yìn ọdún díẹ̀, tí ẹ bá ní sùúrù.

Ta ló wà lẹ́yìn àwọn orúkọ ńlá wọ̀nyí?

Ìtàn wọn lè yà yín lẹ́nu. Ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ni Shimano kọ́kọ́ ń ṣe nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní Sakai, Japan, ní 1921. 1970 ló tó bọ́ sí irinṣẹ́ ìpẹja. Ọdún 1921 kan náà ni Abu bẹ̀rẹ̀ ní Svängsta, Sweden, aago sì ni iṣẹ́ wọn nígbà náà. Zebco ní Amẹ́ríkà, bọ́ǹbù tí wọ́n fi ń wá epo rọ̀bì nínú ilẹ̀ ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó gbé ríìlì jáde ní 1949. Penn ni tiwọn, ríìlì òkun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Philadelphia ní 1932. Mustad ti Norway ti wà láti 1832, wọ́n sì ti ń ṣe ìwọ̀ láti 1877.

Lónìí, ọ̀pọ̀ orúkọ tí ẹ rò pé wọ́n ń bá ara wọn díje ló wà lábẹ́ òrùlé kan. Pure Fishing ló ni Abu Garcia, Penn, Mitchell, Shakespeare àti Berkley. Ilé-iṣẹ́ Rapala ló ni VMC àti Sufix. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ jà. Ohun tó yẹ kí ẹ gbé yẹ̀ wò ni ríìlì náà gan-an, irú rẹ̀ àti ọdún tó jáde.

Ṣé irinṣẹ́ olówó ńlá máa ń pa ẹja ju ti olówó kékeré lọ?

Rárá. Mímọ ibi tí ẹja wà, àkókò tó ń jẹun, àti bí a ṣe ń gbé ìjẹ síwájú rẹ̀, ìyẹn ló ń pa ẹja. Ní 1932, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, George Perry pa ẹja largemouth bass tó wọn kílò 10.09, èyí tó wúwo jù tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ láyé nígbà náà. Ní ọdún yẹn, kò tíì sí náílọ̀n láyé, ká má tíì sọ ti ọ̀pá kábọ́ọ̀nù. Ó di 2009 kí Manabu Kurita tó pa èyí tó bá a dọ́gba ní adágún Biwa ní Japan, ìwọ̀nba tó fi ju ti Perry lọ kò tó kí wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n jọ di í mú ni. Ọdún 77 ni gbogbo ìmọ̀ ẹ̀rọ fi sáré kó tó dé ibi tí ọkùnrin yẹn ti dúró.

Ohun tí irinṣẹ́ tó dára ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ẹja tí ẹ ti mú bọ́, kì í jẹ́ kí ọwọ́ tètè ro yín, ó sì máa ń pẹ́. Ìyẹn tó nǹkan.

Ṣé ó pọn dandan kí ìwọ̀ jẹ́ olórúkọ?

Níbí, mo lè fọwọ́ sọ̀yà: bẹ́ẹ̀ ni. Nínú gbogbo ohun tí ẹ ó rà, ìwọ̀ ni owó rẹ̀ kéré jù tí ìyàtọ̀ rẹ̀ sì hàn jù. Gamakatsu, Mustad, VMC, Owner: èyíkéyìí tí ọwọ́ yín bá tó nínú irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe é. Wọ́n ń fi oògùn kẹ́míkà pọ́n ẹnu ìwọ̀ wọn, wọ́n sì ń fi iná mú irin rẹ̀ le níwọ̀nba tí kò fi ní nà, tí kò sì ní kán.

Ẹ lè dán ìwọ̀ wò fúnra yín. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ lé èékánná àtàǹpàkò, ẹ wọ́ ọ jẹ́jẹ́ láìtẹ̀ ẹ́. Tó bá ń yọ̀ lọ, kò mú. Tó bá há lójú ẹsẹ̀, tó sì fa ìlà funfun tín-ín-rín sójú èékánná, ó ti tó lò. Ẹ tún máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbàkigbà tí ìwọ̀ bá gbá òkúta, nítorí òkúta kan ṣoṣo lè tẹ ẹnu ìwọ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i.

Náílọ̀n, fluorocarbon, okùn híhun: èwo ni kí n lò?

Náílọ̀n ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó rọ̀, kókó máa ń dì lára rẹ̀ dáadáa, ó sì máa ń nà nígbà tí ẹja bá já lójijì, nínà yẹn ni kì í jẹ́ kó já. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń mu omi, agbára rẹ̀ sì ń dín díẹ̀ tó bá tutù. Oòrùn náà ń jẹ ẹ́. Ẹ máa pa á dà lọ́dọọdún, kódà kí ẹ yá tó bá jẹ́ pé ẹ ń lò ó dáadáa.

Okùn híhun, èyí tí wọ́n fi fọ́nrán bíi Dyneema tàbí Spectra hun, tín-ín-rín ju náílọ̀n lọ fíìfíì ní agbára kan náà. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ nà rárá, nítorí náà bí ẹja bá fẹnu kàn án ní jíjìn, ọwọ́ yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n òkúta máa ń tètè gé e, ó sì lè gé ìka yín tí ẹ bá fi ọwọ́ lásán fà á. Ó tún máa ń yọ̀ lórí spúùlù (ibi tí okùn ń ká sí lára ríìlì), ẹ kọ́kọ́ ká náílọ̀n díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Fluorocarbon ni wọ́n máa ń polówó pé ẹja kì í rí. Ìwọ̀n tí ìmọ́lẹ̀ fi ń tẹ̀ nínú omi jẹ́ 1.33, ti fluorocarbon jẹ́ 1.42, ti náílọ̀n sì lé ní 1.5. Ó súnmọ́ omi ju náílọ̀n lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pòórá. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó ń rì, ara rẹ̀ sì le, òkúta kì í tètè bó o. Mítà kan tàbí méjì lára rẹ̀ níwájú okùn híhun ti tó. Ẹ má fi kún gbogbo ríìlì.

Ṣé òótọ́ ni agbára tí wọ́n kọ sára okùn?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Nínú okùn aláìlórúkọ, pàápàá èyí tí wọ́n hun, wọ́n lè kọ kílò 10 sára okùn tó nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí kí wọ́n kọ nípọn rẹ̀ kéré kó lè jọ pé iṣẹ́ àràmàǹdà ni. Bákan náà, okùn tó ní agbára ju ohun tí wọ́n kọ lọ wà káàkiri.

Ẹ máa wo nípọn rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà mìlímítà, kí ẹ tó wo kílò. Náílọ̀n mìlímítà 0.25 máa ń wà ní àyíká kílò 4 sí 6. Tí ẹnikẹ́ni bá kọ kílò 12 sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ríìlì tó ní bíárìn 13 kò ha dára ju èyí tó ní 5 lọ?

Iye bíárìn kò sọ nǹkan kan fún yín nípa bí wọ́n ṣe dára sí. Bíárìn márùn-ún tó dára, tí wọ́n dáàbò bò lọ́wọ́ omi, tí wọ́n sì wà níbi tó yẹ, yóò lé 13 tí wọ́n kàn kó sínú rẹ̀ kí nọ́ńbà lè wà lára páálí. Ibi tó yẹ ni ìhà méjèèjì jíà ńlá, abẹ́ rọ́tọ̀ (apá tó ń yí po tó ń ká okùn sórí spúùlù), àti róólà kékeré tí okùn ń gbà kọjá. Róólà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ yí: tí kò bá yí fàlàlà, okùn yín yóò máa lọ́, yóò sì máa bó.

Ẹ gbé ríìlì náà sún mọ́ etí, ẹ rọra yí ọwọ́ rẹ̀. Yíyí tó yá kì í fi àléébù hàn. Yíyí tó lọ́ra ló ń fi í hàn. Ẹ ó gbọ́ tàbí kí ẹ mọ̀ ọ́n lára tí eyín jíà bá ń fi ara gbún ara. Lẹ́yìn náà, ẹ di rọ́tọ̀ mú, kí ẹ mi ọwọ́ ríìlì síwá sẹ́yìn. Tó bá ń jì wọ́nwọ́n kó tó mú, àlàfo wà láàárín jíà, ọdún kan lò ó yóò sì fẹ àlàfo náà sí i.

Kí ni 5.2:1 tàbí 6.2:1 tí wọ́n ń kọ sára ríìlì?

Iye ìgbà tí rọ́tọ̀ ń yí fún ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá yí ọwọ́ ríìlì. Nọ́ńbà tó kéré lágbára jù, èyí tó ga yára jù. Fún ìpẹja oríṣiríṣi, 5 sí 6 dára.

Báwo ni mo ṣe lè mọ búréèkì tó dára, báwo sì ni mo ṣe lè tò ó?

Búréèkì tó dára kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó tú okùn. Ẹ fún un le níwọ̀nba, kí ẹ sì fa okùn jẹ́jẹ́. Èyí tí kò dára yóò kọ́kọ́ lọ́ tìkọ̀, yóò wá já fò, yóò tún dúró. Ìgbà tó bá ń lọ́ tìkọ̀ yẹn gan-an ni okùn ń já, nítorí ẹja kì í dúró dè é. Mo lè gbójú fo ọ̀pọ̀ àléébù lára ríìlì, ṣùgbọ́n n kò lè gbójú fo èyí láéláé.

Ẹ tò ó sí bíi ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára okùn. Fún okùn kílò 6, kí búréèkì máa tú ní kílò 1.5 sí 2. Ẹ fi ìwọ̀n alágbèékọ́ kékeré wọ̀n ọ́n, kí okùn gba inú àwọn òrùka ọ̀pá kọjá, kí ọ̀pá sì tẹ̀, torí òrùka náà ń fi ìfà kún un.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń polówó kì í sọ. Bí okùn ṣe ń tú kúrò lórí spúùlù, bẹ́ẹ̀ ni búréèkì ń le sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Tí fífẹ̀ okùn tó kù lórí spúùlù bá ti dín sí ìdajì, agbára tí ẹja nílò láti fà á ti di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, tí ẹja ńlá bá ti kó okùn lọ, ṣe ni kí ẹ dẹ búréèkì díẹ̀. Ìbẹ̀rù máa ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe òdìkejì rẹ̀.

Ọ̀pá kábọ́ọ̀nù tàbí ti fibreglass?

Kábọ́ọ̀nù fúyẹ́, ó sì máa ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ omi. Fibreglass wúwo jù, ó rọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó gba ìyà. Ugly Stik tí Shakespeare gbé jáde ní 1976 lókìkí nítorí pé ó pa méjèèjì pọ̀, ó sì ṣòro láti kán. Fún ọmọdé, fún orí ọkọ̀ ojú omi, fún ẹni tí kì í fi pẹ̀lẹ́ lo nǹkan, n kò ní wá nǹkan mìíràn.

Ẹ ó máa rí IM6, IM7, IM8, tàbí “30 ton”, “40 ton”, tí wọ́n fi ń sọ bí kábọ́ọ̀nù ọ̀pá ṣe le tó. IM jẹ́ orúkọ tí ilé-iṣẹ́ kan fi pe fọ́nrán kábọ́ọ̀nù tirẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé fọwọ́ sí, nítorí náà IM8 ilé-iṣẹ́ kan lè má tó IM6 òmíràn. Kábọ́ọ̀nù tó le jù fúyẹ́ jù lóòótọ́, ó sì tún rọrùn jù láti kán. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá tí wọ́n ní ó “kán lójijì” ti gbá etí ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí kí ẹni tó ni ín ti gbé e dúró ṣánṣán jù nígbà tí ẹja wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí gbogbo agbára wá dé orí ṣónṣó.

Kí ni kí n yẹ̀ wò lára ọ̀pá kí n tó sanwó?

Òrùka rẹ̀. Ẹ mú òwú rírọ̀ díẹ̀, kí ẹ fi nu inú òrùka kọ̀ọ̀kan yíká. Tí fọ́nrán òwú bá há síbì kan, ìlà ìfọ́ wà níbẹ̀, yóò sì máa gé okùn yín lójoojúmọ́ tí ẹ ó máa bú ẹni tó ṣe okùn. Fuji ti Japan ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ra òrùka lọ́wọ́ wọn, tí ẹ bá rí i lára ọ̀pá, ó jẹ́ àmì rere.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ di ojú kan, ẹ wò ó láti ìdí dé orí bóyá òrùka tò gún régé, ẹ fi ríìlì sí i, kí ẹ sì dì í mú bí ẹni tó fẹ́ jù ú. Orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa wúwo sílẹ̀.

Ìjẹ àtọwọ́dá olórúkọ ńkọ́?

Lauri Rapala ti Finland fi ọ̀bẹ gbẹ́ èyí tó di olókìkí láti ara èèpo igi kọ́ọ̀kì ní 1936. Bébà dídán ara ṣokoléètì ló fi bò ó, ó sì yọ́ fíìmù fọ́tò lé e lórí kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Ohun tó ń wá ni bí ẹja kékeré tó fara pa ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ó sì rí i. Lílúwẹ̀ẹ́ yẹn ni ẹ ń sanwó fún nígbà tí ẹ bá ra ojúlówó. Àwòkọ lè jọ ọ́ lójú, kó máa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú omi.

Fún èyí tó ní ahọ́n tó ń mú un rì, ẹ ra ojúlówó méjì tàbí mẹ́ta. Fún èyí tó jẹ́ rọ́bà rírọ̀ àti irin pẹlẹbẹ tó ń yí, aláìlórúkọ ń pa ẹja dáadáa, ẹ sì lè sọ wọ́n sáàárín gbòǹgbò igi láìbẹ̀rù. Tí ìwọ̀ ara àwòkọ bá rọ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ fi gidi sí i.

Ọ̀pá àti ríìlì tí wọ́n dì pọ̀ tà ńkọ́?

Ó dára fún ìbẹ̀rẹ̀, tó bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ní orúkọ. Okùn tó bá a wá ni kí ẹ yọ dànù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ká tuntun sí i títí yóò fi ku bíi mìlímítà 2 kó kan etí spúùlù. Tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní jìnnà tí ẹ bá jù ú, tó bá kún jù yóò máa tú jáde wúruwùru.

Báwo ni mo ṣe lè dá ayédèrú mọ̀?

Okùn híhun, ìwọ̀ àti ìjẹ àtọwọ́dá ni wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù, nítorí wọ́n kéré, wọ́n sì ń tà kíákíá. Ẹ ka ọ̀rọ̀ ara páálí: ojúlówó kì í ṣi orúkọ ara rẹ̀ kọ. Ẹ wo bóyá irú ọjà yẹn, pẹ̀lú àwọ̀ yẹn, wà lójú ìwé ilé-iṣẹ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí àwọ̀ okùn híhun bá kun ọwọ́ yín jìgìjìgì lójú ẹsẹ̀, tàbí tí wọ́n bá hun ún tó ṣe wúruwùru tí ẹ bá fi ìka wọ́ ọ, ẹ dá a padà.

Fún ríìlì, ẹ gbé e lórí ìwọ̀n. Ilé-iṣẹ́ máa ń kọ iye gíráàmù tí ríìlì kọ̀ọ̀kan wọn. Ayédèrú ṣòro láti bá a mu. Ẹni tó ń ta á ní owó tó jìnnà réré sí ti gbogbo àwọn yòókù kò ṣe yín lóore.

Okùn mi olówó ńlá ṣì ń já. Kí ló dé?

Kókó ni, nínú ọ̀pọ̀ ọ̀ràn. Kókó lásán tí a kàn ta lè gba ìdajì agbára okùn. Kókó Palomar, tí a fi okùn ìlọ́po méjì gba ojú ìwọ̀ kọjá, ló rọrùn jù tó sì lágbára jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Kókó Uni náà dára. Tí ẹ bá fẹ́ fún un, ẹ kọ́kọ́ fi itọ́ tàbí omi rẹ ẹ́, torí ooru tí okùn ń mú jáde bó ṣe ń fi ara ha ara ń jó náílọ̀n. Ẹ fà á jẹ́jẹ́ títí yóò fi jókòó, kí ẹ tó gé ìyókù.

Tí kì í bá ṣe kókó, ẹ fi ìka méjì wọ́ mítà méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti ṣe háráhárá, ẹ gé e kúrò, ẹ tún un ta. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yẹ òrùka àti róólà wò.

Ríìlì tí wọ́n ní kò níyọnu pẹ̀lú omi òkun, ṣé mo ṣì gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́?

Ẹ gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Kò sí ríìlì tí iyọ̀ kò lè jẹ. Ẹ fún búréèkì le kí omi má wọ inú rẹ̀, ẹ fi omi tó mọ́ wọ́n ọn lára fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má fi omi tó ń tú pẹ̀lú agbára ṣan án, torí yóò ti iyọ̀ wọ inú. Tó bá gbẹ, ẹ dẹ búréèkì pátápátá kí ẹ tó gbé e pamọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn àwo inú rẹ̀ yóò tẹ̀ mọ́ra. Ẹ kán òróró kékeré sí róólà.

Òjé àti ọ̀pá kábọ́ọ̀nù: ṣé ewu kankan wà nínú wọn?

Kábọ́ọ̀nù ń gbé iná mànàmáná. Ẹ má gbé ọ̀pá dúró kọjá lábẹ́ wáyà iná, kódà kó má tíì kàn án, torí iná lè fò. Tí ààrá bá ti ń sán, ẹ gbé ọ̀pá sílẹ̀, ẹ kúrò létí omi. Èyí ju ẹja èyíkéyìí lọ.

Òjé jẹ́ májèlé, ó sì ń pa ẹyẹ omi tó bá gbé e mì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1987 ni wọ́n ti fòfin de títa èyí tó wúwo láti gíráàmù 0.06 sí 28.35 fún ìpẹja. Irin tungsten tàbí tánganran rírọ̀ lè dípò rẹ̀. Ẹ má fi eyín pa òjé mọ́ okùn.

Ṣé kí n ra àlòkù ríìlì olórúkọ, tàbí tuntun aláìlórúkọ?

Àlòkù olórúkọ, tí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ yí i lọ́wọ́. Ọ̀pá àlòkù ni mo máa ń sá fún, torí ìfọ́ inú kábọ́ọ̀nù kì í hàn síta. Ríìlì kò lè pa irọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ yí i, ẹ fa búréèkì, ẹ wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ojú ìdè bóyá ohun funfun bí ìyẹ̀fun wà níbẹ̀: iyọ̀ ni, ó sì ti wọlé.

Ríìlì mi ti ń pariwo lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Kí n tún un ṣe, tàbí kí n ra òmíràn?

Ẹ wá ohun tó ń pariwo ná. Tó bá ń ṣe háráhárá níbi gbogbo tó ń yí, gíríìsì ló ti gbẹ tàbí bíárìn kan ló ti jẹ, méjèèjì ṣe é túnṣe. Nọ́ńbà wà lára bíárìn, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo ayé, ẹ lè ra èyí tó dára ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Àwo búréèkì náà ṣe é pààrọ̀, kódà ẹ lè fi ti kábọ́ọ̀nù dípò ti aṣọ, ìyẹn sì máa ń sọ ríìlì àárín di ohun mìíràn. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń gbún nínú gbogbo yíyí kan, eyín jíà ti jẹ. Níbẹ̀, owó jíà tuntun lè súnmọ́ owó ríìlì.

Ìgbà yìí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín olórúkọ àti aláìlórúkọ máa ń hàn gbangba jù. Ilé-iṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń gbé àwòrán tó tú gbogbo ara ríìlì palẹ̀ jáde, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, wọ́n sì máa ń ta ẹ̀yà náà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ríìlì fúnra rẹ̀ ti kúrò lọ́jà. Kí ẹ tó ra ríìlì tuntun èyíkéyìí, ẹ wá àwòrán yẹn. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ kà á sí ohun tí ẹ ó lò títí yóò fi bàjẹ́ tí ẹ ó sì jù nù, kí ẹ sì san iye tó bá ìyẹn mu.